Ọ̀bẹ Àpò Mẹ́ta: Opinel, Victorinox àti Case, Èwo Ló Yẹ Ọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀bẹ àpò tó ń ṣẹ́po, tó sì ń gbé ní London tàbí Manchester, òfin ni kó kọ́kọ́ wò kó tó wo ẹwà. Òfin ọdún 1988 ní England àti Wales gbà kéèyàn máa mú irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kiri láìṣàlàyé ìdí, bí ojú rẹ̀ kò bá ti ju ínǹṣì 3 lọ, tí kò sì ní ohun tó ń tì í gbọn-in nígbà tó bá ṣí. Opinel No. 8 kùnà nínú méjèèjì: ojú rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8.5, òrùka irin ọrùn rẹ̀ sì ń tì í. Ilé ni kó wà.

Àmọ́ bó bá dọ̀rọ̀ oúnjẹ, òun ló ta yọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Savoie nílẹ̀ Faransé ni Joseph Opinel ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́dún 1890. Ọdún 1955 ni òrùka yẹn dé. Ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó ń la tòmátì láìtẹ̀ ẹ́ fọ́. Èyí tí wọ́n fi irin kábọ̀n ṣe wà, èyí tí kì í tètè dípẹtà náà wà. Kábọ̀n tètè ń gba ìpọ́n, ó sì ń mú ṣáṣá, ṣùgbọ́n omi ọsàn á sọ ọ́ di dúdú. Dúdú yẹn kò léwu; ìpẹtà ni kó o sá fún. Nù ún gbẹ, kó o fi òróró díẹ̀ pa á. Igi ni èèkù rẹ̀, bó bá mu omi á wú, ojú ọ̀bẹ á sì há sínú rẹ̀. Àwọn ará Savoie mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i: wọ́n á fi ìdí èèkù gbá tábìlì, ojú ọ̀bẹ á yọ díẹ̀, wọ́n á wá fìka fà á. Mo fẹ́ràn ọ̀bẹ yìí gan-an, àmọ́ ẹni tí kò ní máa ráyè nù ún, kó má ra oníkábọ̀n rárá.

Victorinox Spartan wá láti Ibach ní Switzerland, níbi tí Karl Elsener ti dáṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1884. Ojú rẹ̀ kò tó ínǹṣì 3, sípíríǹgì nìkan ló sì dì í mú, kò sí ohun tó ń tì í. Nítorí náà, má fi ṣóńṣó rẹ̀ gún ohun líle. Ó lè padé mọ́ ìka rẹ. Ó ní ojú méjì, ohun ìṣí agolo, ti ìgò àti ti kọ́ọ̀kì. Irin rẹ̀ kì í tètè dípẹtà. Bó bá kú, ìpọ́n díẹ̀ ti tó. Kò ní sísọ́ọ̀sì o. Climber, irú Victorinox mìíràn, ló ní in.

Case, ti Bradford ní Pennsylvania, ló rẹwà jù lójú mi, pàápàá èyí tó ní èèkù eegun. Wo nọ́ńbà ara rẹ̀ kó o tó sanwó. Nínú 6254, tó jẹ́ ti irú Case tí wọ́n ń pè ní Trapper, 6 dúró fún èèkù eegun tí wọ́n gbẹ́ ojú rẹ̀, 2 fún ojú ọ̀bẹ méjì, 54 fún irú rẹ̀. CV lẹ́yìn nọ́ńbà túmọ̀ sí irin tó ń dípẹtà. SS kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú Trapper ju ínǹṣì 3 lọ; Peanut, irú Case tó kéré, ni kí ará London rà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lowó rẹ ká, tó o sì ń gbé ní Britain, ra Spartan. Bó o bá wà ní Amẹ́ríkà, wádìí òfin ìpínlẹ̀ àti ìlú rẹ ná, torí wọn ò rí bákan náà. Bó o bá sì ń wọ bàálù, inú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù ni kó o fi í sí.