Ààrò mẹ́ta tó ń sáré: oṣù mẹ́jọ mi lórí kẹ̀kẹ́ Márúwá

Ẹni ọdún 61 ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá mú. Mo ti wa mọ́tò fún ọdún 27 kí n tó débẹ̀, mo sì rò pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni n ó fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà mí. Ó ti di oṣù mẹ́jọ báyìí tí mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ náà ṣiṣẹ́ l'Ábẹ́òkúta, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí gan-an fún ẹni tó ti dàgbà bíi tèmi, tó ń rò ó pé òun náà lè rà á.

Tíṣà ni mí tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, láfún ni mò ń ṣe. Mò ń ra gbáàgúdá lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ lápá Òdẹ̀dá, a ó rẹ ẹ́, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́, n ó wá kó o lọ fún àwọn oníbàárà mi ní Kútọ̀ àti Ìtòkú. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ lórí àpò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ èrè orí rẹ̀ tán. Mọ́tò mi àtijọ́ náà ń mu epo bí ẹní mu omi. Mo tà á, mo fi owó kọpuréétíìfù lé e, mo ra kẹ̀kẹ́.

Oríṣi tó wọ́pọ̀ nígboro ni mo rà, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Íńdíà. Gìá mẹ́rin ló ní, pẹ̀lú rìfáàsì. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, lábẹ́ ibi tí èrò ń jókòó sí, táǹkì rẹ̀ sì ń gba epo lítà 8. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, torí ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kẹ̀kẹ́ fi dúró ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ọmọ tó kọ́ mi, èmi náà ni mo kọ́ ọ ní ABD. Nígbà tí ètò NAPEP, tí ìjọba Ọbásanjọ́ dá sílẹ̀ lọ́dún 2001 láti gbógun ti òṣì, ń pín kẹ̀kẹ́ kiri, bàbá rẹ̀ rí ọ̀kan gbà. Ìgbà yẹn làwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní kẹ̀kẹ́ Nápẹ̀pù. Àwa tá a ti ń lọ sí Èkó tẹ́lẹ̀ ti mọ̀ ọ́n sí Márúwá, orúkọ Búbá Marwa tó ṣe gómìnà ológun níbẹ̀ láti 1996 sí 1999. Láràárọ̀ ni bàbá ọmọ yìí ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá sílé ìwé wa, gbogbo kíláàsì á sáré lọ sójú fèrèsé lọ wò ó. Owó kẹ̀kẹ́ yẹn ni wọ́n fi rán an títí tó fi parí girama. Òun fúnra rẹ̀ ti wá ń wa tirẹ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá.

Ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, la máa ń lọ sí pápá ilé ìwé kan tó ṣófo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kẹ̀kẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́ títí ó fi sú mi. Ó dúró, ó wo ilẹ̀, ó ní:

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì yín."

"Kí ni bàtà mi ṣe?"

"Ẹsẹ̀ òsì yín ń wá kilọ́ọ̀ṣì, mà. Kò sí kilọ́ọ̀ṣì níbẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ páànù, ara yín á gbà pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Nínú mọ́tò onígìá, ẹsẹ̀ òsì ló ń tẹ kilọ́ọ̀ṣì kí a tó yí gìá. Ẹni tó ti ń wà á láti ọjọ́ pípẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò ní jẹ́ kó tètè mọ kẹ̀kẹ́ wà. Ọwọ́ òsì ló ń fún kilọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ òsì kan náà ló tún ń yí gìá. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń yí iná tó ń mú un sáré. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń tẹ bíréékì. Ẹsẹ̀ òsì kò níṣẹ́. Sunday méjì gbáko ni ẹsẹ̀ mi fi ń tẹ páànù kó tó gbà. Ẹ wá olùkọ́ tó ní sùúrù, ẹ san owó fún un. Èyí tó kọ́ mi kò fẹ́ gba owó, mo fi tipátipá fún un, torí iṣẹ́ ni.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òun lẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ti bínú pé mo ra kẹ̀kẹ́, kọ́kọ́ fi mú mi lọ́kàn le nígbà tí ọkàn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó ní ohun tó bá ti ní ẹsẹ̀ mẹ́ta kò lè ṣubú. Òótọ́ ni, bí ààrò bá dúró sójú kan. Kẹ̀kẹ́ yìí, ààrò tó ń sáré ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo ti ń dá wà á ni mo rí i. Mo ti já gbogbo ẹrù sílẹ̀ ní Kútọ̀, mo ń padà bọ̀ lófìfo. Ọmọkùnrin tó ń bá mi gbẹ́rù jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo yà sọ́wọ́ òsì bí mo ṣe máa ń fi mọ́tò yà. Táyà ẹ̀yìn lápá òsì gbéra nílẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ó sì tún balẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ọmọ náà ṣe pe Jésù. Mo wá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnì, mo jókòó síbẹ̀ títí àyà mi fi rọlẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló jókòó tì mí.

Mo lọ bi olùkọ́ mi, a jọ fi igi ya á sílẹ̀. Mọ́tò ní igun mẹ́rin tó fi di ilẹ̀ mú. Ọ̀kadà ní tirẹ̀, ẹni tó ń gùn ún lè tẹ̀ ẹ́ sápá ibi tó ń yà sí. Kẹ̀kẹ́ kò ní igun kẹrin, kò sì ṣe é tẹ̀. Bí ẹ bá yà sósì, gbogbo ìwúwo á rọ́ lọ sápá ọ̀tún. Láàárín táyà iwájú kan ṣoṣo yẹn àti táyà ẹ̀yìn apá ọ̀tún, kò sí ohunkóhun tó gbé e dúró. Bí ìwúwo bá tún wá pọ̀ níwájú, lọ́dọ̀ táyà kan ṣoṣo, ó burú sí i. Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà gan-an nìyẹn: ẹ̀yìn ṣófo, ènìyàn méjì jókòó síwájú.

Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kì í jókòó síwájú pẹ̀lú mi, bó ti wù kó bẹ̀ mí tó. Àpò láfún mẹ́rin tó wọn kílò 50 ni mò ń kó. Lórí páànù nílẹ̀ ni mò ń tẹ́ wọn sí, kì í ṣe lórí àga, mo sì ń sún wọn mọ́ ẹ̀yìn níbi tí táyà méjì wà. Mo ń dín eré kù kí n tó dé kọ́nà, torí ẹni tó bá dé inú kọ́nà kó tó máa wá bíréékì ti pẹ́ jù. Bí mo bá tẹ̀ lé èyí, kẹ̀kẹ́ tó kún fún ẹrù máa ń dúró ju èyí tó ṣófo lọ.

Bó ṣe ń yẹ kòtò ni nǹkan kejì tí onímọ́tò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá rí kòtò láàárín ọ̀nà, mo máa ń jẹ́ kó gba àárín táyà òsì àti ọ̀tún kọjá. Pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, táyà iwájú wà ní àárín gan-an, inú kòtò yẹn ló ń forí lé. Táyà kékeré sì ni. Kòtò tí mọ́tò kò kà sí, á fi ọwọ́ kẹ̀kẹ́ gbà yín nígbáyà. Ó pẹ́ kí ojú mi tó mọ ọ̀nà mẹ́ta í wò dípò méjì.

Ẹ mọ Abẹ́òkúta, ìlú orí òkè àti àpáta ni. Bí ẹ bá ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti Ìtòkú lọ sí Sápọ́n pẹ̀lú ẹrù, ẹ bọ́ sí gìá kejì nísàlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnì ń mí hẹlẹ kó tó yí gìá, á rí i pé kẹ̀kẹ́ fẹ́ padà sẹ́yìn. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ má bọ́ ọ sí níútírà torí pé ẹ fẹ́ ṣọ́ epo. Àwọn ọmọdé ń ṣe é. Gìá ni kó di kẹ̀kẹ́ mú, kí bíréékì má bàa gbóná jù. Kẹ̀kẹ́ tèmi ti gun òkè yẹn ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ, kò tíì dá mi dúró síbẹ̀ rí, mo sì yìn ín fún ìyẹn.

Kí ni ó ṣe fún ara àgbà? Orúnkún mi kò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí ọ̀kadà mọ́. Kẹ̀kẹ́, bí ẹni wọ yàrá ni mò ń wọ̀ ọ́, mo jókòó, mo tún ìró mi ṣe, mo lọ. Kò sí pé mò ń wá bí n ó ṣe gbé e dúró bí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá dá wa dúró ní Pánṣẹ́kẹ́. Ẹ̀yìn ni ó ń dùn mí. Ilé táyà rẹ̀ kò ju íńṣì 8 lọ, gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ló ń bá ìbàdí sọ̀rọ̀. Mo ra tìmùtìmù tó nípọn, mo sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ rìn díẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan. Ọwọ́ òsì náà ń rẹ̀ mí látàrí kilọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí ìka rẹ̀ bá ti ń kákò, tàbí tí òòyì ń kọ́, kó fi ìwakọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ, kó jókòó sẹ́yìn. Iná iwájú rẹ̀ kò tó fún ojú mi, nítorí náà, aago 7 alẹ́ kì í bá mi níta.

Òjò kò ṣe é bá jà níbẹ̀. Tápólì tó bá a wá kò bo ẹ̀gbẹ́ dáadáa, láfún kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan omi. Mo lọ sọ́dọ̀ aránṣọ tápólì kan, ó rán èyí tó balẹ̀ fún mi, mo fi ọ̀rá nínípọn sábẹ́ àpò.

Ní ti owó, lítà kan ń gbé mi tó kìlómítà 25 pẹ̀lú ẹrù. Owó epo ọ̀sẹ̀ kan kò tó ìdajì ohun tí mò ń san fún ọlọ́kọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni mo ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Wáyà kilọ́ọ̀ṣì ti já lẹ́ẹ̀kan, ní Ọbáńtokò, lójú oòrùn ọ̀sán. Ẹ máa gbé òmíràn sínú kẹ̀kẹ́, kò wọ́n, kò sì gba mẹkáníìkì ju ìṣẹ́jú ogún lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fúnni láàárọ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ kà á mọ́ owó ọjà kí ẹ tó rà á.

Bí ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ rà á, n ó ní ẹ rà á, bí ẹ bá ní iṣẹ́ pàtó tí ẹ fẹ́ fi ṣe, tí ẹ sì máa lo oṣù kan ó lé fi kọ́ ọ. N ò jẹ́ fi kẹ̀kẹ́ mi pààrọ̀ mọ́tò tí mo tà. Àwọn oníbàárà mẹ́ta tó ti fi mí sílẹ̀ ti padà wá sọ́dọ̀ mi, torí láfún mi ń dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọjà tó kún.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni ọdún 68, ló bínú jù nígbà tí mo rà á. Ó ní, "Odidi tíṣà àgbà, o wá di onímárúwá?" Ó tó oṣù méjì kó tó gbà láti wọ̀ ọ́. Ní báyìí, gbogbo ọjọ́ ọjà Kútọ̀, ẹ̀yìn mi ló ń jókòó sí, láàárín àpò méjì, pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀ lórí itan. Bí a bá ti ń sún mọ́ kọ́nà yẹn níbi tí táyà ti gbéra, á fọwọ́ kan èjìká mi, á ní, "Rọra, ìyá mi, rọra yà." N ó sì rọra yà.