DotaTV ni mo fi ń wo ìdíje Dota 2: ohun tí ojú mi ti rí níbẹ̀

Màámi kò fọwọ́ kan gémù rí. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n dìde lórí ìjókòó níwájú kọ̀ǹpútà mi, wọ́n ń pariwo: “Sá! Ìwọ ọmọ yìí, sá o!” Ẹni tí wọ́n ń bá wí kò lè gbọ́. Akọni kan nínú Dota 2 ni, ó dá wà nínú igbó, ó ń pa àwọn ẹran ibẹ̀ kó lè rí wúrà kó jọ. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ márààrún ti lo èéfín tí wọ́n ń pè ní Smoke of Deceit, wọn ò hàn lójú máàpù rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń yọ́ bọ̀ láàárín igi. Òun kò rí nǹkan kan. Àwa rí gbogbo rẹ̀. Màámi yíjú sí mi: “Àbí kò rí wọn ni?” Mo ní, “Wọn ò hàn sí i, mà. Àwa tá à ń wòran nìkan la rí wọn.” Wọ́n káwọ́ lérí. Kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀, ó ti tán fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń lo DotaTV, àmọ́ alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì lò ó rí: inú Dota 2 gan-an, gémù tí Valve ṣe, ni DotaTV wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ikọ̀ méjì ló máa ń kojú ara wọn, Radiant àti Dire, ẹni márùn-ún márùn-ún. Ikọ̀ tó bá kọ́kọ́ wó Ancient, ilé ńlá tó wà ní ibùdó ikọ̀ kejì, ló borí. Kì í ṣe fídíò lò ń wò o. Kọ̀ǹpútà rẹ ló ń ya ìjà náà fúnra rẹ̀ bó ṣe ń lọ, nítorí náà ọwọ́ rẹ ni kámẹ́rà wà. O lè jẹ́ kó máa darí ara rẹ̀. O lè máa tẹ̀ lé ibi tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń wò, kí o sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀. O tún lè wọ inú ojú eléré kan, kí o máa rí bí máòsì rẹ̀ ṣe ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe ìyẹn, ẹ̀rù bà mí: ọwọ́ ọmọ náà kò dúró rárá, bíi ti ẹni tó ń ṣa ìrẹsì.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo kà sí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ibi tó ti máa ń jẹ́ kí o yan ojú tí o fẹ́ fi wòran: ohun tí Radiant ń rí nìkan, ohun tí Dire ń rí nìkan, tàbí gbogbo rẹ̀ pátá. Bí mo bá dá nìkan wà, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo máa ń yàn, kí kùrukùru bo èyí tó kù, kí n lè máa ṣiyèméjì pẹ̀lú àwọn eléré. Bí mo bá wà pẹ̀lú ẹni tí kì í ta gémù, gbogbo rẹ̀ ni mo máa ń ṣí sílẹ̀. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé wíwo ẹlòmíràn tó ń ta gémù kò dùn. Iná ń ṣẹ́jú, ariwo ń sọ, ta ló ń pa ta? Wọn ò parọ́. Ẹni tí kò mọ Dota, tí ẹ gbé èèyàn mẹ́wàá tó ń ju oògùn lu ara wọn síwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ á kàn ṣú ni. Àmọ́ mi ò gbà pé eré tó ń yára jù ló fà á. Ohun tó fà á ni pé òǹwòran ò mọ ohun tó yẹ kó máa bẹ̀rù. Ẹ wo Rocket League: ọkọ̀, bọ́ọ̀lù, àwọ̀n, ìṣẹ́jú 5 lórí aago. Àlejò tó bá jókòó tì í, kíákíá ló ti yé e.

Tàbí kí ẹ wo Evo 2004, ìdíje ńlá fún àwọn gémù ìjà, nínú Street Fighter III: 3rd Strike. Daigo Umehara ń fi Ken jà, Justin Wong ń fi Chun-Li jà. Ẹ̀mí Ken ti kù fẹ́ẹ́rẹ́ lórí ìlà tó wà lókè, débi pé bó bá tiẹ̀ fọwọ́ dí ìpá lásán, ìwọ̀nba tó máa ta sí i lára tó láti pa á. Chun-Li tú ìpá 15 lé e lórí léraléra. Umehara gbọ̀n ọ́n dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, àsìkò kò yẹ̀ lórí ẹyọ kan, ó wá dá tirẹ̀ padà, ó sì borí. Ariwo àwọn tó wà níbẹ̀ bo ohùn gémù mọ́lẹ̀. Ìlà kékeré yẹn ló ṣe é. Gbogbo èèyàn ló rí i, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo ti tó láti pa á.

Dota náà ní irú rẹ̀. Ní àṣekágbá The International, ìdíje Dota 2 tó tóbi jù, ní ọdún 2015 ní Seattle, nínú eré kẹrin, ikọ̀ CDEC wọ ihò Roshan, ẹranko ńlá tí ikọ̀ tó bá pa á ti máa ń rí ohun tó ń jí akọni kan dìde lẹ́ẹ̀kan. Ihò yẹn há. Òǹwòran ń rí wọn nínú rẹ̀, ó sì ń rí ikọ̀ kejì, Evil Geniuses, tó ń bọ̀, Universe tó ń fi Earthshaker jà wà láàárín wọn. Ẹni tó bá mọ ohun tí Earthshaker lè ṣe sí èrò tó há mọ́ra ti gbé ọwọ́ sókè kó tó fò wọlé. Ilẹ̀ mì, ìjà parí. Evil Geniuses gba ife náà ní 3 sí 1, owó tó lé ní mílíọ̀nù 6 dọ́là sì bá a rìn. Mo ti wo ìgbà yẹn tó ìgbà ogún, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tó ṣáájú fífò yẹn ló ṣì máa ń dùn mọ́ mi jù.

Ìdí nìyí tí inú fi bí mi sí ètò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí mi ò ní dárúkọ. Eré ti wọ ìṣẹ́jú ogójì, ikọ̀ méjèèjì ń rá bàbà yí ihò Roshan ká, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n bá yí kámẹ́rà sí ojú eléré kan, wọ́n fi ìpolówó bo ìdajì àwòrán. Ìgbà tí a máa fi padà, òkú mẹ́ta ti sùn nílẹ̀. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń pariwo, àmọ́ kí ló kù tá a máa wò? Kámẹ́rà tó dé lẹ́yìn ìjà, òkú ló wá kà. Lórí DotaTV, mo máa ń gbé kámẹ́rà síbi ihò yẹn fúnra mi, kí n dúró.

Kò ṣàìní ibi tó kù sí. Gbogbo gémù náà ni ẹ máa kọ́kọ́ gbé sórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń lọ sí bíi 60 GB, ohun tó pọ̀ jù fún ẹni tó kàn fẹ́ wòran. Ó tún máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn eré, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa ta eléré lólobó. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ pa fóònù yín tì, kí ẹlòmíràn má bàa sọ bó ṣe parí fún yín kí ẹ tó rí i.

Àwòrán tó ń fi ìyàtọ̀ wúrà ikọ̀ méjèèjì hàn dára púpọ̀. Èyí tó ń fi ìdá ọgọ́rùn-ún sọ bó ṣe ṣeé ṣe tó pé ikọ̀ kan máa borí, tó wọlé ní 2018 pẹ̀lú Dota Plus, ètò olówó inú gémù náà, mi ò kì í ṣí i níwájú àlejò. Bí ẹ bá fi ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún han ẹni tí kò mọ eré, á ní kí ẹ lọ sùn, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni Dota ti máa ń yí padà. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n máa ṣe sí i ni irú ètò tí The International ṣe fún àwọn tuntun ní 2014, níbi tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti ń fi sùúrù ṣàlàyé. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ì bá wà nínú gbogbo ìdíje ńlá, inú mi ì bá dùn.

Ní báyìí ná, èmi ni mò ń ṣe é fún Màámi. Ohun tí mo kọ́kọ́ fi hàn wọ́n ni àmì tó ń sọ bóyá akọni tó kú ní wúrà tó máa fi ra ẹ̀mí ara rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Buyback ni àwọn eléré ń pè é. Wọ́n ní àwọn ò lè pe ìyẹn, “owó àjíǹde” làwọn máa pè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akọni pàtàkì kan kú lẹ́nu odi ilé wọn, mo ti ń mí kanlẹ̀ pé eré ti bọ́. Màámi sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n na ìka sí àmì náà. “Owó àjíǹde rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀,” wọ́n ní. “Jókòó.”