Ilé ìwòsàn ẹran tí mò ń kó ewúrẹ́ mi lọ, láàrin Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán

Ohun tó mú mi fẹ́ràn ilé ìwòsàn ẹran yìí ni pé wọ́n máa ń wo ẹran dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ń sin ewúrẹ́ ní abúlé mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń gbé báàgì oògùn kiri lórí ọ̀kadà, ewúrẹ́ ìbáà wúkọ́, ìbáà ṣunú, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n ń gún gbogbo wọn.

Abo ewúrẹ́ mi kan tó ń fọ́mọ lọ́mú rù hangogo, bẹ́ẹ̀ ó ń jẹun. Dókítà fi tẹmómítà wò ó, ara rẹ̀ wà ní 39°C, bó ṣe yẹ kí ara ewúrẹ́ rí nìyẹn, kò sí ibà níbẹ̀. Ó wá fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó ní kí èmi náà wò ó. Ibi tó yẹ kó pọ́n ti funfun báláú: aràn inú ló ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Wọ́n wo ìgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, wọ́n sì rí ẹyin aràn. Wọ́n wọn ewúrẹ́ náà lórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó fa oògùn aràn tí wọ́n dà sí i lẹ́nu. Ó yè, ó sanra. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ìpéǹpéjú àwọn yòókù fúnra mi.

Ti àjẹsára PPR, àrùn kan tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn, tún dùn mọ́ mi. Àrùn yìí ń mú ikun imú, egbò ẹnu àti ìgbẹ́ gbuuru wá, kò sì sí oògùn tó ń pa kòkòrò rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan ń dáàbò bo ewúrẹ́ fún ọdún 3 ó kéré tán, ṣùgbọ́n bí ooru bá ti bà á jẹ́, asán ni. Inú kúlà oníyìnyín ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ojú wa ni wọ́n ṣe ń pò ó. Nítorí pé ìgò kan ń tó ẹran púpọ̀, tí a kò sì lè tọ́jú èyí tí wọ́n ti pò, wọ́n ní kí àwa ará àdúgbò kó ẹran wa jọ lọ́jọ́ kan.

Ajá wa gba àjẹsára dìgbòlugi níbẹ̀, wọ́n sì kọ ọjọ́ tí yóò tún gbà á sórí káàdì. Ọmọbìnrin tó gún un sọ fún mi pé, “Mọ́mì, bí ajá bá gé ọmọ yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi epo ra á o.” Adìẹ náà ń gba àjẹsára lukuluku, ojú ni wọ́n ń kán an sí.

Àwọn ibì kan wà tí inú mi ò dùn sí. Wọn ò kọ iye owó síbi kankan, ìgbà tí iṣẹ́ bá parí lẹ ó tó gbọ́. Abẹ́ igi máńgòrò kan náà ni ajá àti ewúrẹ́ ti ń dúró, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ewúrẹ́ débi pé wọ́n ń já okùn. Wọn kì í ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bẹ́ẹ̀ ẹran kì í yan ọjọ́ tí yóò bí. Èyí tó bá sì ju agbára wọn lọ, ilé ìwòsàn ẹran Yunifásítì Ìlọrin ni wọ́n ń darí wa sí, ọ̀nà náà sì jìn fún àgùntàn tó ń ṣàìsàn.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ tètè jí, kí ẹ sì di ìgbẹ́ ẹran tí kò tíì gbẹ sínú ọ̀rá. Lọ́jọ́ ọjà màlúù Àjàṣẹ́, dókítà kì í tètè dé.