Ọkọ̀ Toyota Corolla àbí Kia Picanto fún ìdílé?

Wọ́n ń bi mí ní Ifẹ̀ níbí léraléra. Ẹ́ńjìnnì Picanto àkọ́kọ́ kò ju lítà 1.1 lọ, ti Corolla 2005 tó ti Amẹ́ríkà wá jẹ́ 1.8. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Lágéré, àpò yín á mọ ìyàtọ̀ epo.

Àmọ́ bẹ́líìtì ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì Picanto yẹn, ṣéènì ni ti Corolla. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bẹ́líìtì náà gbó débi tó máa já. Àpò ìrẹsì kan àti báàgì ọmọ, búùtù Picanto ti kún. Ẹ̀yà Corolla rọrùn láti rí, mẹkáníìkì gbogbo ló mọ̀ ọ́n tú.

Iléèwé ọmọ àti ọjà nìkan? Picanto tó. Ẹni tó ń lọ Ìbàdàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, Corolla ni kó rà.