Oṣù mẹ́ta pẹ̀lú creatine àti ike purotéènì kan ní Iléṣà

Aránṣọ ni mí ní àdúgbò Ìsọ̀kùn, níbí ní Iléṣà. Ẹni ọdún 47 ni mí, ó sì ti tó ọdún kan àbọ̀ tí mo ti ń gbé irin ní jíìmù. Mo kọ́kọ́ sọ èyí torí pé àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo ti kà nípa creatine àti purotéènì, àwọn pàúdà tí àwọn tó ń gbé irin máa ń pò mu, bí apá wọn ṣe máa kún ẹ̀wù ni wọ́n sì ń wá. Ohun tí èmi ń wá yàtọ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá mi ṣubú nínú bálùwẹ̀, egungun ìtan rẹ̀ dá. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun tó sọ ni pé, "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ yìí ò ti fẹ́ gbé mi mọ́, mi ò kàn sọ fún yín ni." Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, orí àga ni mo máa ń wà nídìí maṣíìnì, ẹsẹ̀ tèmi náà sì ti ń gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń polówó ọjà lórí fóònù láti ìlú mìíràn ni mo ti kọ́kọ́ ra creatine. Nígbà tí mọ́tò gbé e dé gáréèjì, bébà tó yẹ kó dí ẹnu ike náà ti ya, kò sí nọ́ńbà NAFDAC kankan lára rẹ̀, pàúdà inú rẹ̀ sì ń rùn bí ọṣẹ. Mo pè é títí, kò gbé e. Mo da gbogbo rẹ̀ nù. Owó náà dùn mí gan-an, àmọ́ mi ò lè fi nǹkan tí mi ò mọ̀ sẹ́nu.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà Òkèsà. Kékeré ni, ooru ibẹ̀ sì pọ̀, oòrùn ọ̀sán máa ń bọ́ sórí pẹpẹ tó wà níwájú. Mo ti sọ fún obìnrin tó ni ín pé kó kó àwọn ike yẹn sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tajà tẹ́ mi lọ́rùn. Fúnra rẹ̀ ló gbé ike náà kalẹ̀ síwájú mi, tó ní kí n ka nọ́ńbà NAFDAC, kí n wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kí n fi ìka kan bébà ẹnu rẹ̀. "Ìyá Ìbejì, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́." Nígbà tí owó ọwọ́ mi ò ká ike méjèèjì, ti creatine àti ti purotéènì, ó ní kí n san ìdajì, kí n mú ìyókù wá ní òpin oṣù. Ìjẹ̀ṣà ni wá. Àwọn bàbá wa Òṣómàáló ta aṣọ láwìn káàkiri, wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó wọn á fi jáde. Obìnrin yìí ò wá lóṣòó dè mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló pè mí, mo sì san án pé.

Creatine ni mo kọ́kọ́ ṣí. Creatine monohydrate lásán ni, 300 gíráàmù, ₦32,000. Ó funfun bí iyọ̀ tí wọ́n lọ̀ kúnná, kò lóòórùn, kò sì ládùn kankan. Tí ẹ bá pò ó mọ́ omi tútù, á rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ife bíi yanrìn, ẹ ó sì máa fi eyín rún un. Omi tó lọ́wọ́ọ́rọ́ ló ń tètè yọ́ sí. Ẹ má pò ó sílẹ̀ di ọjọ́ kejì o, torí tó bá pẹ́ nínú omi, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di ohun tí kò wúlò fún iṣan mọ́.

Bọ́bìnì ló jẹ́ kí ohun tó ń ṣe nínú ara yé mi. Gbogbo aránṣọ ló mọ bó ṣe ń rí tí òwú bọ́bìnì bá tán nígbà tí a wà lórí eré: maṣíìnì ń sáré, abẹ́rẹ́ ń gún aṣọ, kò sì rán nǹkan kan. Tí bọ́bìnì mìíràn bá ti wà ní kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, a kàn máa pààrọ̀ rẹ̀ ni, iṣẹ́ á máa lọ. Agbára tí iṣan fi ń gbé ohun tó wúwo, ATP ni wọ́n ń pè é, láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ló máa ń tán. Creatine tí iṣan ti kó pamọ́ ló ń bá a ṣe òmíràn kíákíá. Ìdí nìyẹn tó fi wúlò fún gbígbé irin àti eré sísá kúkúrú, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Ẹ̀rẹ́jà dé Ìmọ̀.

Oníbàárà mi kan rí ike náà lórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo oògùn àwọn alágbára yẹn o." Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ni mo ṣe fara balẹ̀ dá a lóhùn. Kì í ṣe steroid, oògùn tí àwọn kan fi ń mú iṣan wú. Inú ẹran àti ẹja tí à ń jẹ ló wà. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín tiwa gan-an ń ṣe nǹkan bíi gíráàmù kan lójúmọ́. Inú ẹran ni Michel Eugène Chevreul, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti rí i ní 1832, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ẹran ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti lílo oògùn láàárín àwọn eléré ìdárayá ò fòfin dè é.

Ọmọ tó ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù ní kí n máa lo 20 gíráàmù lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan àkọ́kọ́. Kò parọ́, ọ̀nà tó ń yára kún inú iṣan nìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá ń lo 3 sí 5 lójúmọ́ máa dé ibì kan náà láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, inú rẹ̀ ò sì ní máa dà rú. Gíráàmù 5 ni mo mú. Ike kan tó mi fún 60 ọjọ́, nǹkan bí ₦530 lójúmọ́ nìyẹn. Àárọ̀ tàbí alẹ́ ò ṣe pàtàkì. Kẹ́ ẹ má ṣáà pa ọjọ́ jẹ.

Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwọ̀n mi ti kúrò ní kílò 68, ó ti di 69.3. Àyà mi já. Mo wá fa téèpù mi yọ, torí òṣùwọ̀n ò mọ ibi tí ìwúwo wọlé sí, téèpù ló mọ̀ ọ́n. Ìbàdí mi ṣì wà ní ìǹṣì 36. Itan ni ìdajì ìǹṣì wà. Omi ni creatine ń fà sínú iṣan, mo sì fi ọkàn balẹ̀.

Deadlift ni mo fi ń wọn agbára mi, ìyẹn ká gbé irin láti ilẹ̀ títí a ó fi nàró. Kílò 50 ni irin náà. Fún oṣù mẹ́rin gbáko, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lè gbé e, mi ò kọjá ibẹ̀. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹjọ tí mo bẹ̀rẹ̀ creatine, kóòṣì wa, ọmọ tí mo lè bí, dúró tì mí, ó ń kà á: "Mẹ́jọ, Màámi! Ó ku ọ̀kan!" Mo gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án. Mi ò ní kó gbogbo ìyìn fún pàúdà, torí mi ò pa ọjọ́ jíìmù kankan jẹ lásìkò yẹn, mo sì ń jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà lára ohun tó ràn mí lọ́wọ́.

Ohun kan tí kò sí ẹni tó sọ fún mi: nígbà tí mo lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, creatinine mi lé díẹ̀, ìyẹn ni wọ́n sì fi ń wo bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Creatine máa ń yí padà di creatinine nínú ara, ó lè gbé nọ́ńbà náà sókè láìjẹ́ pé kíndìnrín ní àìsàn. Mo sọ ohun tí mò ń lò fún dókítà, ó ní kí n dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tún un ṣe, ó sì padà sí ipò rẹ̀. Ẹ sọ fún dókítà yín kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti ní ìṣòro tẹ́lẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ dókítà.

Ó wá ku ike kejì, ti purotéènì. Whey ni wọ́n ń pè é, 907 gíráàmù, ₦78,000. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn obìnrin Fúlàní ṣe ń ṣe wàrà ti rí whey rí: tí ewé bomubomu bá ti mú mílíìkì màlúù dì, omi tó yọ sọ́tọ̀ nínú ìkòkò yẹn ni. Àwọn tó ń ṣe ṣíìsì lókè òkun ló ń gbẹ tiwọn di pàúdà. Purotéènì tó dára ni, mi ò ní pẹ̀gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ti pọ̀ jù fún mi, nígbà tó sì di ọjọ́ kẹrin, inú mi wú bí ìlù. Lactose ló fà á, ṣúgà inú mílíìkì, tí inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa kì í lè dà. Concentrate, irú tí mo rà, ṣì ní i. Ti isolate, irú whey tí wọ́n tún sẹ́ dáadáa sí i, kéré gan-an, àmọ́ ó tún wọ́n jù ú lọ.

Mo mú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí, mo sì ṣírò rẹ̀. Ike náà ní ṣíbí 30, purotéènì gíráàmù 24 ló wà nínú ṣíbí kan: 720 ni gbogbo rẹ̀. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6, kéréètì ẹlẹ́yin 30 jẹ́ 180. Kéréètì mẹ́rin ló bá ike yẹn dọ́gba! Ní Ọjà Atakúnmọ́sà lọ́sẹ̀ náà, ₦6,000 ni mo ra kéréètì kan. ₦24,000 ẹyin dípò ₦78,000. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mejì, torí ó dùn mí.

Ẹni tó ń gbé irin nílò nǹkan bíi gíráàmù 1.6 fún kílò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀ lójúmọ́. Fún èmi, ó tó 109, kò sì kéré. Ìjẹ̀ṣà ni mí, mi ò lè fi iyán sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń bu oúnjẹ nílé wa ò dára: òkìtì iyán, ẹja bí àtàǹpàkò. Mo yí i padà. Ẹyin mẹ́ta àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, ẹ̀wà ẹlẹ́ja lọ́sàn-án, iyán tó kéré pẹ̀lú ẹja gidi lálẹ́, sóyà lílọ̀ sì wà nínú ògì. Àwọn ìbejì náà ti ń sanra sí i. Nítorí náà, creatine, màá tún un rà, mo sì ti tún un rà. Purotéènì inú ike, kí ẹni tó bá ráyè jẹun lẹ́nu tọ́jú owó rẹ̀.

Ìyá mi nìkan ni mo yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Eyín rẹ̀ ti ń lọ, ẹran ti di ohun tó ń wò lásán. Dókítà tó ń tọ́jú ìtan rẹ̀ fọwọ́ sí i, mo wá ń po ìyókù whey náà mọ́ ògì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ògì náà fẹ́ tutù kẹ́ ẹ tó bù ú sí i, tó bá gbóná jù á dì kókó-kókó. Ìdajì ṣíbí ni a fi bẹ̀rẹ̀, inú rẹ̀ gbà á. Ó ń mu ún tán, ó sì ń di irin fèrèsé mú, ó ń dìde lórí àga lẹ́ẹ̀marùn-ún láràárọ̀. Ó ku ṣíbí mọ́kànlá nínú ike náà. Obìnrin Òkèsà ti ní òun máa bá mi tọ́jú isolate kékeré kan di ọjọ́ Jímọ̀.