Audio-Technica VM95E: ẹ wo wáyà kí ẹ tó bú abẹ́rẹ́

Bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ inú àwo jùjú àtijọ́ bá ń dún bí ìgbà tí bíríkìlà ń jọ yanrìn, tí gbogbo "ṣ" ẹnu olórin sì ń ta bí epo gbígbóná, abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bú. Lórí VM95E, lọ́pọ̀ ìgbà, abẹ́rẹ́ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kátíríìjì aláwọ̀ ewé yìí, ìyẹn ohun kékeré orí apá ẹ̀rọ àwo tó di abẹ́rẹ́ mú, tí Audio-Technica ti Japan gbé jáde ní 2018, ju owó rẹ̀ lọ. Àmọ́ kò lè bá gbogbo wáyà àti gbogbo àmpù gbé.

MM (moving magnet) ni, ìyẹn ni pé mágnẹ́ẹ̀tì kékeré ló ń mì nídìí wáyà bàbà tí wọ́n wé. Inductance wáyà bàbà náà, ìyẹn bó ṣe ń tako ìyípadà iná, jẹ́ 550 mH. Wáyà inú apá, wáyà tó ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ lọ sí àmpù, àti ẹnu fónò (ẹ̀yà àmpù tó ń gbé ìró kékeré kátíríìjì sókè) fúnra rẹ̀, olúkúlùkù ló ní capacitance tirẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń fi iná díẹ̀ pamọ́, tí à ń fi pF (picofarad) kà. Ilé iṣẹ́ náà fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ pọ̀ wà láàárín 100 sí 200 pF, kí ẹnu fónò sì jẹ́ 47 kΩ. Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Ká fi 30 fún wáyà inú apá. Wáyà ẹ̀yìn tó gùn ní mítà kan ààbọ̀, tó ń gba 100 pF ní mítà kan, ti mú 150. Ẹnu fónò mú 100. Ó ti di 280, a ti kọjá ààlà. Bí àmpù bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ń gba 220 lẹ́nu, ó di 400.

Ohun tí 400 yìí ń ṣe nìyí. Ibì kan wà lókè tí inductance àti capacitance ti ń pàdé, tí ìró á sì ru sókè níbẹ̀. Pẹ̀lú 150 pF, ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 17,500 Hz. Etí àgbàlagbà ò fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Pẹ̀lú 400, ó já wálẹ̀ sí 10,700 Hz, láàárín ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gan-an, ohun tó bá sì wà lókè ibẹ̀ á kú lọ. Orin náà á máa gún etí, síbẹ̀ á tún dà bíi pé wọ́n fi aṣọ bò ó. Wáyà ìdajì mítà ló ń wo àìsàn yìí: 30, 50 àti 100, ó di 180 pF. Owó rẹ̀ kò tó ti abẹ́rẹ́ tuntun. Bí wọ́n bá jó wáyà ẹ̀yìn mọ́ inú ẹ̀rọ, bíi ti ẹ̀rọ àwo Technics SL-1200MK2, ẹ wá fónò tó ní bọ́tìnì tí a fi ń dín pF kù.

Ìwọ̀n apá náà ṣe pàtàkì, torí pé apá àti abẹ́rẹ́ jọ máa ń mì ní iye Hz kan tí kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ jù, àmọ́ níbí VM95E kì í yọni lẹ́nu. Apá SL-1200MK2 pẹ̀lú headshell rẹ̀ (orí apá tí a ń de kátíríìjì mọ́) jẹ́ gíráàmù 12, kátíríìjì jẹ́ 6.1, ẹ fi bíi 1 kún un fún skúrù: 19. Ìwé rẹ̀ ní rírọ̀ abẹ́rẹ́ (compliance) jẹ́ 7, ṣùgbọ́n 100 Hz ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, bí àwọn ará Japan ṣe máa ń ṣe. Ní 10 Hz tí ọ̀rọ̀ wà, ó máa ń tó bí ìlọ́po kan ààbọ̀ sí méjì. Ẹ mú 12. Ẹ sọ 19 di ìlọ́po 12, ẹ wá square root rẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ fi pín 159. Ó jẹ́ 10.5 Hz. Láàárín 8 sí 12 ni a ń wá. Bó bá lọ sílẹ̀ ju 8 lọ, àwo tí oòrùn ti ká á mú kí woofer (ẹnu báàsì spíkà) máa wọlé, máa jáde láìsí orin kankan. Kátíríìjì Ortofon 2M Red tí rírọ̀ tirẹ̀ jẹ́ 20 já sí bí 8 Hz lórí apá yìí kan náà. Ó ṣì ń lò, ṣùgbọ́n etí bèbè ló wà.

Fún ẹni tó ń wo kátíríìjì Denon DL-103 lókèèrè, èyí tó jẹ́ MC (moving coil), tí wáyà ń mì dípò mágnẹ́ẹ̀tì: 0.3 mV péré ló ń pèsè. Fónò MM tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po 100 á sọ ọ́ di 30 mV, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ látinú kànga. VM95E tó ń pèsè 4 mV á dé 400 mV, ó tó.

Bí ẹ bá fẹ́ dè é, ẹ kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ kúrò. Ihò skúrù inú ara kátíríìjì ti ní ìlà yíyí tó ń di skúrù mú, nítorí náà kò sí nọ́ọ̀tì kékeré tí yóò bọ́ sílẹ̀. Nínú àwọn wáyà kéékèèké headshell, funfun ni òsì, búlúù ni òsì ìsàlẹ̀ (ground), pupa ni ọ̀tún, ewé ni ọ̀tún ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá fi funfun sí ipò búlúù, tí ẹ fi búlúù sí ti funfun, ìró ìyá ìlù á tẹ́, báàsì á sá lọ. Ẹ má jó ohunkóhun mọ́ igi ẹ̀yìn kátíríìjì, ooru á ba wáyà inú rẹ̀ jẹ́. Lórí Technics, láti etí ẹ̀yìn headshell dé ẹnu abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ mílímítà 52. Ìwọ̀n 2 g ni kí ẹ fi sí i, kí ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré wọ̀n ọ́n, torí pé nọ́ńbà ara apá kì í sọ òótọ́ nígbà gbogbo. Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: apá gbọ́dọ̀ tẹ́jú.

Àléébù rẹ̀ wà nínú abẹ́rẹ́. Ilé iṣẹ́ ní wákàtí 300 ni. Àwo ogójì ìṣẹ́jú, ó jẹ́ ìgbà 450. Bẹ́ẹ̀ náà ni abẹ́rẹ́ E, ti VM95E yìí, ò fẹ́ràn òpin àwo, nítòsí lébù, níbi tí ilà ti há. Àwo jùjú tí wọ́n fi orin alásopọ̀ kan kún ẹ̀gbẹ́ kan látòkè délẹ̀ ló sì ń tú u fó. Abẹ́rẹ́ ML (microlinear), tí ike rẹ̀ pupa, ń wọ ibẹ̀ ní mímọ́, ó ń lò tó wákàtí 1,000, ara kátíríìjì VM95E kan náà ló sì ń wọ̀. Ṣùgbọ́n wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. ML lórí 400 pF á máa gún etí bákan náà.

Fún àwo 78 ìgbà sákárà, abẹ́rẹ́ SP wà, ó sì ń wọ ara yìí kan náà. 5 g ni ìwọ̀n rẹ̀. SL-1200MK2 ò ní ìyára 78. SL-1200MK7 ló ní in. Bí ẹ bá parí, ẹ dá ìwọ̀n padà sí 2 g kí ẹ tó fi E lé àwo kankan.