Tẹlifíṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú tí mo rà: ẹ má wo orúkọ iwájú, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò

Ínṣì 43 ni, 4K (ìyẹn ni pé àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán rẹ̀ pọ̀ gan-an), òun ló sì dínwó jù nínú gbogbo èyí tí mo yẹ̀ wò. Ó ti pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ mi báyìí, mo ti mọ ìwà rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín, torí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ síbi tó kù díẹ̀ káàtó. Ká sì sòótọ́, orúkọ yẹn ò ní là yín lọ́yẹ̀ tó bí ẹ ṣe rò.

Ẹ jẹ́ ká mú àwòrán ṣáájú. Lójú mọmọ, tí bọ́ọ̀lù tàbí ìròyìn bá ń lọ, mi ò rí nǹkan bú. Àwọ̀ rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, lẹ́tà kéékèèké tó ń sáré nísàlẹ̀ ìròyìn ṣeé kà láti orí àga tó jìnnà jù nínú yàrá. Kódà kéèyàn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwòrán ò ṣá. Alẹ́ ni wàhálà ń dé. Ẹ pa iná yàrá, kẹ́ ẹ wo fíìmù tí wọ́n yà nínú òkùnkùn: ibi tó yẹ kó dúdú á di aláwọ̀ eérú. Igun ìsàlẹ̀ lápá òsì tèmi tún mọ́lẹ̀ ju ibi yòókù lọ, àfi bí ẹni pé ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn ibẹ̀. Tí fíìmù bá parí, tí orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè, igun yẹn lojú mi máa ń lọ.

Ohun tó fà á ni pé gíláàsì LCD, ìyẹn ojú tẹlifíṣọ̀n tí àwòrán ń hàn lórí rẹ̀, kì í dá tan ìmọ́lẹ̀. Iná LED tí wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀ ló ń tàn. Iṣẹ́ gíláàsì ni kó dí i tàbí kó jẹ́ kó kọjá. Nínú irú èyí tí mo rà, gbogbo iná ẹ̀yìn yẹn ló ń tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò lè pa ti apá kan níbi tí òkùnkùn wà. Oríṣi gíláàsì ló wá kù. Èyí tí wọ́n ń pè ní IPS, tèèyàn bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, àwọ̀ rẹ̀ kì í yí, ṣùgbọ́n kò mọ dúdú ṣe. VA ń ṣe dúdú dáadáa, àmọ́ ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ á rí i pé àwọ̀ ti ṣá. Páálí kì í sábà sọ èyí tó wà nínú rẹ̀.

HDR, ìyẹn àwòrán tí ibi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an tí ibi òkùnkùn rẹ̀ sì dúdú, ni páálí máa ń pariwo. Irọ́ kọ́, tẹlifíṣọ̀n náà gbà á wọlé, ó tún ń kọ ọ́ sí igun òkè kí gbogbo ayé lè rí i. Ṣùgbọ́n iná ẹ̀yìn rẹ̀ ò lágbára tó, torí náà fíìmù HDR ń ṣókùnkùn ju fíìmù lásán lọ lórí rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n kà, kò mọ̀ ọ́n ṣe. "120" tí wọ́n kọ gàdàgbà, ọgbọ́n ọjà ni: 60Hz ni gíláàsì náà, ìgbà 60 ló ń pààrọ̀ àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ ni sípíkà rẹ̀ kọjú sí. Ẹ wá sípíkà míì so mọ́ ihò HDMI tí wọ́n kọ ARC sí (ibẹ̀ ni ohùn ń gbà jáde lọ sí sípíkà), kọ́rọ̀ parí.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni rìmóòtù. Mo tẹ bọ́tìnnì, kò ṣe nǹkan kan; mo tún un tẹ̀, ó wá ṣe méjèèjì pọ̀, ó sì fò kọjá ohun tí mò ń wá. Ìpolówó ọjà ló kún ojú ìwé àkọ́kọ́ tẹlifíṣọ̀n náà, kò sì ṣeé yọ. Ibí yìí gan-an ni apá kan owó tí wọ́n yọ fún wa lórí ọjà ti ń padà sọ́wọ́ wọn. Lọ́dún 2017, Vizio, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, gbà láti san mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà níbẹ̀, àti ìpínlẹ̀ New Jersey, lórí ẹ̀sùn pé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ń kó ohun táwọn èèyàn ń wò láìgba àṣẹ wọn. Nígbà tí Walmart, ilé ìtajà ńlá Amẹ́ríkà, wá ra Vizio ní bílíọ̀nù 2.3 dọ́là ní 2024, òwò ìpolówó rẹ̀ ni wọ́n ń polówó bíi èrè ibẹ̀. Ẹ wọ inú sẹ́tíńgì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tan tiyín, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ACR (èyí tó ń dá ohun tẹ́ ẹ ń wò mọ̀) tàbí "viewing data" sí, kẹ́ ẹ pa á.

Àwọn kan á ní, "Ṣé o ò bá kúkú ti ra orúkọ àtijọ́ táyé mọ̀?" Èwo nínú wọn? Pioneer, tí Kuro rẹ̀ (tẹlifíṣọ̀n plasma, irú èyí tí ojú rẹ̀ ń dá tan ìmọ́lẹ̀) ò lẹ́gbẹ́ lójú àwọn tó mọ àwòrán, kéde ní 2009 pé òun ń fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Panasonic pa plasma tì lẹ́yìn 2013. Philips gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ míì tó ń jẹ́ TPV. Hisense ti Ṣáínà ló ra ti Toshiba, wọ́n kéde rẹ̀ ní 2017. Foxconn ti Taiwan gba Sharp ti Japan ní 2016, ilé-iṣẹ́ gíláàsì ńlá Sharp tó wà ní Sakai sì jáwọ́ nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n ní 2024. Ọdún yẹn kan náà ni Funai, òun náà ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọko gbèsè ní Japan. Àwọn míì yá orúkọ wọn fún ẹni tó bá lè san owó rẹ̀, torí náà orúkọ ṣì wà lórí férémù, àwọn tó sọ ọ́ di olókìkí ti lọ tipẹ́.

Gíláàsì ló ṣẹ́gun wọn. Lónìí, ilé-iṣẹ́ Ṣáínà bíi BOE ń gé gíláàsì tí gígùn rẹ̀ tó mítà 3.37, ojú tẹlifíṣọ̀n ínṣì 65 mẹ́jọ ń jáde lára ẹyọ kan. Owó ẹyọ ti já wálẹ̀, ẹni tí kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ò lè bá wọn figa gbága. Samsung pàápàá jáwọ́ nínú gíláàsì LCD tirẹ̀ ní 2022. Ìyẹn ló jẹ́ kí tèmi pọ́ọ́kú, ìyẹn náà ló jẹ́ kó ṣòro láti fi orúkọ yan ọjà.

Mo yí tèmi wò, mo ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀: orúkọ tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ti iwájú. Ẹ ka tiyín kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe bóyá iná ẹ̀yìn irú rẹ̀ ṣeé rí rà, torí iná yẹn ló máa ń tètè jó nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú. Èmi ti dín ìmọ́lẹ̀ ti èmi kù nínú sẹ́tíńgì láti 100 sí 60. Ojú ò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lálẹ́, iná náà á sì pẹ́ sí i.

Máa tún ra irú rẹ̀ fún yàrá tí oòrùn ń wọ̀, láìbẹ̀rù. Fún ẹni tó jẹ́ pé fíìmù alẹ́ ló fẹ́ràn, kó fi owó díẹ̀ lé e, kó wá VA tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ pín sí apá-apá.